Owó ilé ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà ní Abùjá: báwo la ṣe lè mú kí òfin jáde lórí rẹ̀?

Ará_Kubwa
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹgbẹ́ ayálégbé àdúgbò kan ní Kubwa ń fẹ́ òfin tí kò ní jẹ́ kí onílé máa gba owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, kí éjẹ́ǹtì àti lọ́yà tó tún gba tiwọn lórí rẹ̀. Àwọn kan ní ká kọ̀wé sí mínísítà. Àwọn kan ní ká ṣe ìwọ́de lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Àwọn kan ní ká lọ rí sẹ́nétọ̀. Èwo ni ká kọ́kọ́ ṣe? Ìdáhùn tó ṣeé tẹ̀lé ni mo ń fẹ́ o, ẹ má wulẹ̀ ní ká gbàdúrà sí i.

Lọ́yà_Garki
Kí ẹ tó kọ lẹ́tà kankan, ẹ mọ ilé tó ni ọ̀rọ̀ náà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń ṣìnà, wọn a fi oṣù mẹ́fà kanlẹ̀kùn tí kì í ṣe tiwọn.

Àdéhùn onílé àti ayálégbé kò sí lára ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí. Ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí Èkó fi ṣe tirẹ̀ ní 2011. Ṣùgbọ́n Abùjá kò ní gómìnà, kò sì ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Abala 299 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 gbé gbogbo agbára tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní lé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ lọ́wọ́ fún olú-ìlú. Nítorí náà àwọn sẹ́nétọ̀ 109 àti àwọn aṣojú-ṣòfin 360 tí ẹ ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń ṣòfin ilé yíyá fún Kubwa àti Gwagwalada. Mínísítà lè gbé ìlànà kalẹ̀ lábẹ́ òfin tó bá ti wà nílẹ̀, kò lè dá òfin tuntun sílẹ̀. Káńsú náà kò lè ṣe é.

Èyí tó wà nílẹ̀ ní Abùjá báyìí ni òfin gbígba ilé padà, tó dá lórí ọ̀nà tí onílé gbọ́dọ̀ gbà lé ayálégbé jáde: ẹni tó ń san owó lóṣooṣù, ìwé ìkìlọ̀ oṣù kan, ẹni tó ń san lọ́dọọdún, ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà, kí ìwé ọlọ́jọ́ méje tó tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ iye ọdún tí a lè gbà sílẹ̀ kọ́ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é.

Màmá_Mararaba
Lọ́yà, ẹ ṣeun. Àwa tí a wà ní Mararaba ńkọ́? Abùjá la ti ń ṣiṣẹ́, owó ilé tiwa náà sì ń ga sí i.

Lọ́yà_Garki
Màmá, Abùjá kọ́ ni Mararaba o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ mọ́tò nìkan ló wà láàárín yín àti Nyanya. Ìjọba ìbílẹ̀ Karu, ìpínlẹ̀ Nasarawa, lẹ wà. Ilé aṣòfin tiyín wà ní Lafia, ọmọ ilé 24 ni wọ́n. Àwọn ará Suleja náà, Minna ni kí wọ́n kọjú sí, Niger ni wọ́n. Tí Kubwa bá rí òfin yìí gbà, kò ní fi ẹsẹ̀ kan dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ ní láti gbé tiyín lọ sí Lafia. Kò sì burú, nítorí ọmọ ilé 24 rọrùn láti bá sọ̀rọ̀ ju 469 lọ.

Akọ̀wé_Kọmítì
Ará Kubwa, ọ̀nà tí àbá òfin ń gbà nìyí, kí ẹ lè mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà.

Ọmọ ilé kan gbọ́dọ̀ gbé e wọlé. Wọ́n á fún un ní nọ́ńbà: HB ni tí ó bá jẹ́ ilé aṣojú-ṣòfin, SB tí ó bá jẹ́ ilé aṣòfin àgbà. Ní ìkàwé àkọ́kọ́, àkọlé nìkan ni wọ́n ń kà, ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ sí i. Ẹ má ṣe pe ẹgbẹ́ jọ kí ẹ jó nítorí ìkàwé àkọ́kọ́ o. Àìmọye àbá ló kú síbẹ̀. Ìkàwé kejì ni wọ́n ti ń jiyàn bóyá ohun tí àbá náà ń fẹ́ dára. Tó bá yege, ó di ọ̀dọ̀ kọmítì. Kọmítì ló ń pe àpérò ìta gbangba, tó ń gba ìwé lọ́wọ́ aráàlú, tó sì ń tún àbá náà kọ. Ìròyìn kọmítì á wá padà sí ilé, wọ́n á gbé e yẹ̀ wò láti abala dé abala, lẹ́yìn náà ìkàwé kẹta. Ó tún ku ilé kejì. Tí ohun tí ilé méjèèjì fọwọ́ sí kò bá bára mu, ìgbìmọ̀ àpapọ̀ á jókòó láti sọ ọ́ di ọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn ló ń lọ sọ́dọ̀ ààrẹ, ẹni tó ní ọjọ́ 30. Tó bá kọ̀ tí kò buwọ́ lù ú, ilé méjèèjì lè fi ìdá méjì nínú mẹ́ta borí rẹ̀: aṣojú 240, sẹ́nétọ̀ 73. Wọ́n ṣe é fún òfin tó dá NDDC, àjọ ìdàgbàsókè Niger Delta, sílẹ̀ ní 2000, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn ṣe ìpinnu yín.

Nínú gbogbo ọ̀nà yìí, ibi tí ọwọ́ aráàlú ti ń tó ọ̀rọ̀ inú òfin gan-an ni kọmítì. Ní ìjókòó gbogbo ilé, ariwo ló pọ̀, gbólóhùn kò fi bẹ́ẹ̀ ń yí padà. Nínú kọmítì, ènìyàn bíi mẹ́wàá lè yí "lè" padà sí "gbọ́dọ̀", kí gbogbo òfin náà sì yí padà.

Ibì kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í rántí: kọmítì tó ń to iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Àbá tí wọn kò bá tò sínú ìwé ètò ìjókòó, bó ti wù kó dára tó, kò ní rí ìkàwé kejì. Ẹ bi ẹni tó gbé àbá yín wọlé léèrè lọ́sẹ̀ méjì-méjì pé, "Ṣé wọ́n ti tò ó?" Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n sábà máa ń jókòó.

Ọ̀rọ̀_Pọ̀
Ẹ̀yin ń fi ìwé tan ara yín. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ orin orílẹ̀-èdè, ta ni wọ́n bi? Oṣù Karùn-ún 2024, ilé aṣojú-ṣòfin ka àbá náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ààrẹ ti buwọ́ lù ú. Àpérò ìta gbangba wo lẹ ń sọ?

Akọ̀wé_Kọmítì
Òótọ́ lẹ sọ, n kò ní jiyàn. Ohun tí àwọn aláṣẹ bá fẹ́ kíákíá, wọ́n lè fo gbogbo àtẹ̀gùn. Ọwọ́ ilé kọ̀ọ̀kan ni ìlànà ìjókòó rẹ̀ wà, wọ́n sì lè pa á tì fún ọjọ́ kan.

Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí náà. Oṣù Keje 2024, olórí ilé aṣojú-ṣòfin, Tajudeen Abbas, gbé àbá kan wọlé tó ní kí ẹni tó bá kọ̀ láti kọ orin orílẹ̀-èdè san mílíọ̀nù 5 náírà tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún 10. Aráàlú pariwo, àwọn lọ́yà kọ̀wé, àwọn oníròyìn gbé e. Oṣù Kẹjọ kò tíì parí tó fi gbé e kúrò. Ẹni tó ga jùlọ nínú ilé náà ló ni àbá ọ̀hún o. Ní 2025, ó tún gbé àbá kúrò, èyí tó fẹ́ fi dandan lé ìbò dídì. Ní 2019, àbá lórí irọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kọjá ìkàwé kejì ní ilé aṣòfin àgbà. Ní àpérò ìta gbangba tí wọ́n ṣe ní oṣù Kẹta 2020, àwọn ẹgbẹ́ dojú kọ ọ́, ibẹ̀ ló kú sí.

Dídá àbá dúró rọrùn ju gbígbé e dé òpin lọ. Láti dá a dúró, ariwo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè tó. Láti ṣe òfin tuntun, ẹ ń wá sùúrù ọdún púpọ̀. Òfin tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba, 1999 ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e wá. Ọbásanjọ́ kọ̀ láti buwọ́ lù ú ní 2007. 2011 ni Jonathan tó buwọ́ lù ú. Ọdún 12! Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ọ̀rọ̀_Pọ̀
Ó dáa. Mo gbà fún yín lórí ìyẹn.

Lọ́yà_Garki
Ó kan kíkọ àbá náà fúnra rẹ̀. Ẹ má gbé "ẹ bá wa ṣe òfin" lọ fún aṣojú, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò ní òun ti gbọ́. Ẹ gbé ìwé tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí lọ. Ọmọ ilé tó ní ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lọ́rùn yóò gba ohun tó ti gún régé. Àwọn tó ń bá wọn tún un kọ wà nínú ilé ìgbìmọ̀, NILDS, ilé ẹ̀kọ́ àti ìwádìí nípa iṣẹ́ aṣòfin tó wà ní Abùjá, náà sì ń bá àwọn aṣòfin ṣe ìwádìí lórí àbá. Wọn kò ní kó ìwé yín dànù nítorí àṣìṣe kékeré.

Àbá kúkúrú kò ju ojú ewé mẹ́ta sí márùn-ún lọ. Ẹ ní láti fi nǹkan wọ̀nyí sí i: àkọlé gígùn tó sọ ohun tí òfin náà wà fún, abala tó sọ ibi tó ti máa ṣiṣẹ́ (ẹ kọ ọ́ kedere pé olú-ìlú nìkan), ohun tí ẹ fòfin dè, ìjìyà, ilé ẹjọ́ tí yóò gbọ́ ẹjọ́ náà, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, àti àlàyé ṣókí lẹ́yìn, èyí tí kì í ṣe ara òfin gan-an.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ nìyí. Àwọn kan á kọ "onílé kò gbọdọ̀ béèrè," wọn kò ní kọ "tàbí gbà." Onílé á ní òun kò béèrè, ayálégbé ló fi ìfẹ́ mú un wá. Ẹ kọ méjèèjì. Ìkejì, tí ẹ bá dí ọ̀nà owó ilé tí ẹ kò dí ọ̀nà owó éjẹ́ǹtì, owó lọ́yà àti owó ìdúró (ti ohun tó bá bàjẹ́ nínú ilé), owó ọdún kejì yóò kàn pààrọ̀ orúkọ ni. Ìkẹta, ẹ ya ayálégbé tuntun sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ti ń gbé inú ilé. Òfin Èkó ti 2011 ṣe bẹ́ẹ̀: ayálégbé tuntun, onílé kò gbọdọ̀ gbà ju ọdún kan lọ, ẹni tó ti ń gbébẹ̀ tó ń san lóṣooṣù, kò gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́fà, ẹni tó ń san lọ́dọọdún, kò gbọdọ̀ ju ọdún kan. Ìjìyà rẹ̀ ni 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta.

Ẹ kọ́ ọgbọ́n lára àbùkù òfin Èkó náà. Wọ́n yọ Apapa, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà kúrò nínú rẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ yọ Maitama àti Asokoro kúrò, ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Wàhálà tó tún ju ìyẹn lọ ni pé ayálégbé ló máa gbé onílé lọ sílé ẹjọ́, ta ló sì fẹ́ pe onílé lẹ́jọ́ nígbà tí kò tíì kó ẹrù wọlé? Ẹ jẹ́ kí àbá yín fún ẹnìkẹta láyè láti fẹjọ́ sùn, bí àpẹẹrẹ ẹgbẹ́ ayálégbé tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí òfin dárúkọ.

Irú àbá báyìí ti wá rí o. Sẹ́nétọ̀ Smart Adéyẹmí ti Kogi West gbé ọ̀kan wá nígbà sáà kẹsàn-án ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lórí owó ilé ní Abùjá. Kò di òfin kí sáà náà tó parí ní 2023. Ẹ wá ìwé yẹn, ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀. Bí sáà bá ti parí, àbá tí kò bá tíì dé òpin ti kú nìyẹn, ẹlòmíràn ni yóò tún gbé e wá. Sáà kẹwàá yìí bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023, oṣù Kẹfà 2027 ni yóò parí. Ọdún tó ṣáájú ìbò, ọkàn wọn kì í sí nínú ilé mọ́. Nítorí náà àkókò yín kò pọ̀ tó bí ẹ ṣe rò.

Ará_Sàbó_Kano
Ta ni kí wọ́n gbé e fún? Olú-ìlú ní sẹ́nétọ̀ kan ṣoṣo àti aṣojú méjì: ọ̀kan fún AMAC (ìjọba ìbílẹ̀ àárín ìlú Abùjá) àti Bwari, ọ̀kan fún Abaji, Gwagwalada, Kwali àti Kuje. Ṣé tí àwọn mẹ́ta yìí bá kọ̀, ó parí?

Akọ̀wé_Kọmítì
Kò parí. Ọmọ ilé èyíkéyìí lè gbé àbá wá, ì báà wá láti Yobe. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń yálé ní Abùjá fún òṣìṣẹ́ wọn, wọ́n mọ bó ṣe ń dùn. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ aṣojú AMAC àti Bwari, nítorí Kubwa wà ní Bwari, ìbò yín ló ń béèrè. Ẹ má lọ pẹ̀lú orúkọ 5,000 tí kò ní àdírẹ́sì. Orúkọ 300 tó ní nọ́ńbà ibùdó ìdìbò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò yá a lára ju ìyẹn lọ. Ẹ wá ẹni méjì tàbí mẹ́ta mìíràn láti bá a fọwọ́ sí i, kí àbá má bàa kú tí ẹnìkan bá ṣàìsàn tàbí tó kó lọ sí ẹgbẹ́ òṣèlú mìíràn. Tí ẹ bá rí sẹ́nétọ̀ kan tó lè gbé irú rẹ̀ wá ní ilé kejì lásìkò kan náà, ó dín ọ̀nà kù gan-an.

Màmá_Mararaba
Ìwé ẹ̀bẹ̀ ńkọ́? Mo máa ń gbọ́ pé ilé aṣòfin ní kọmítì ìwé ẹ̀bẹ̀.

Akọ̀wé_Kọmítì
Ó wà, ilé méjèèjì ló ní. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn ni wọ́n fi ń gbọ́: wọ́n lé mi níṣẹ́ láìtọ́, iléeṣẹ́ ìjọba kan kọ̀ láti san owó mi. Ọmọ ilé ló ń gbé e kalẹ̀ fún un yín, ẹ gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ti wà ní ilé ẹjọ́. Wọ́n lè pe ẹni tí ẹ fẹ̀sùn kàn wá, àbájáde wọn kì í sì í ní agbára bí ìdájọ́. Ẹni tó ń wá òfin tuntun tó gba ibẹ̀ lọ, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ó ń pa làpálàpá.

Ìyá_Àpérò
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àpérò ìta gbangba, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń fi iṣẹ́ ọdún kan ṣòfò ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Inú ìwé ìròyìn àti ojú òpó ilé ìgbìmọ̀ ni wọ́n sábà ń kéde rẹ̀ sí, nígbà mìíràn ó lè ku ọjọ́ díẹ̀ péré. Ẹ má dúró de ìkéde. Kété tí àbá bá ti dé kọmítì, ẹ lọ fi orúkọ ẹgbẹ́ yín, ímeèlì àti nọ́ńbà fóònù sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kọmítì. Alága á máa yí padà, akọ̀wé kọmítì ló mọ ibi tí ìwé wà. Ẹ bọ̀wọ̀ fún un.

Ìwé tí ẹ máa fi ránṣẹ́, ojú ewé méjì sí mẹ́rin. Ìpínrọ̀ kan fún ẹni tí ẹ jẹ́. Lẹ́yìn náà tábìlì onílà mẹ́rin: nọ́ńbà abala, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ báyìí, bí ẹ ṣe fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́, ìdí, kí ó má ju gbólóhùn méjì lọ. Tábìlì yìí ló ń ṣiṣẹ́, nítorí ẹni tó ń kọ ìròyìn kọmítì lóru lè da ọ̀rọ̀ yín kọ tààrà. Ìwé tó bá kún fún "ìyà ń jẹ aráàlú" láti òkè délẹ̀, wọ́n á kà á, àánú á ṣe wọ́n, wọ́n á sì pa á tì, nítorí kò sí gbólóhùn tí wọ́n lè mú nínú rẹ̀.

Ẹ tẹ ẹ̀dà tó pọ̀, ó kéré tán 20, kí ẹ sì fi ẹ̀dà orí kọ̀ǹpútà ránṣẹ́. Ẹ gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiyín. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún ni wọ́n ń fún ẹgbẹ́ láti sọ̀rọ̀, àwọn iléeṣẹ́ ìjọba sì máa ń ṣáájú. Ẹ yan ẹnìkan, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí abala tó ká yín lára jùlọ. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú méjì kí gbogbo ọlọ́lá tó jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan, bí Yorùbá ṣe ń kí ni, kò ní dé abala kejì kí wọ́n tó gba máíkì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé àwọn onílé àti àwọn éjẹ́ǹtì náà máa wá. Wọ́n á ní tí òfin bá le, ẹnikẹ́ni kò ní kọ́lé mọ́. Ẹ múra ìdáhùn sílẹ̀, kí ẹ sì mọ ohun tí ẹ lè fi sílẹ̀. Àwọn tó jà kí àwọn ọ̀dọ́ lè díje bẹ̀rẹ̀ ní 2016. Wọ́n rí i pé ọjọ́ orí tí ènìyàn lè fi díje fún ipò ààrẹ wálẹ̀ láti 40 sí 35, ti ilé aṣojú-ṣòfin àti ti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ láti 30 sí 25. Ti sẹ́nétọ̀ àti ti gómìnà já kúrò lójú ọ̀nà, ó dúró sí 35. Wọ́n gba èyí tí wọ́n rí, ààrẹ buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún 2018. Tiwọn tún le ju tiyín lọ, nítorí òfin ilẹ̀ wa ni wọ́n ń tún ṣe: ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

Ọmọ_Ọ̀kun
Tí aṣojú bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ pè é padà sílé. Abala 69 nínú òfin ilẹ̀ wa fàyè gbà á.

Lọ́yà_Garki
Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin Ọ̀kun tí ẹ wà ní Kogi West ló yẹ kó mọ̀ jù pé kò rọrùn. Ẹ máa kó ìbuwọ́lùwé àwọn tó ju ìdajì gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ẹkùn náà. Ìdajì àwọn tó jáde dìbò kọ́ o. INEC á wá yẹ ìbuwọ́lùwé náà wò, kí wọ́n tó ṣe ìbò bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ láàárín ọjọ́ 90. Ní Kogi West, orúkọ 189,870 ni wọ́n kó lọ lòdì sí Dino Melaye, sẹ́nétọ̀ ibẹ̀ nígbà náà. Nígbà tí INEC yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù Kẹrin 2018, bíi 18,700 péré ni wọ́n rí fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ní Kogi Central ní 2025, 208,132 ni wọ́n rí kó lòdì sí sẹ́nétọ̀ tiwọn, nígbà tí ohun tí òfin ń béèrè ju 237,000 lọ. Ẹ lo agbára yẹn fún àbá yín.

Ará_Sàbó_Kano
Tí wọ́n bá fi àbá pamọ́, tí wọn kò fẹ́ fún yín ní ẹ̀dà ìròyìn kọmítì, ẹ lo òfin 2011 tí wọ́n mẹ́nu bà lókè, èyí tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba. Ó kan ilé aṣòfin náà. Ẹ kò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Wọ́n ní ọjọ́ 7 láti dáhùn, wọ́n lè fi 7 mìíràn kún un. Owó ẹ̀dà títẹ̀ nìkan ni wọ́n lè gbà. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní ọjọ́ 30 láti lọ sílé ẹjọ́. Fún àwa ìpínlẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ti sọ ọ́ ní 2025 pé ó kàn wá náà, kí akọ̀wé kankan má sọ fún yín pé "ti Abùjá nìyẹn."

Ará_Kubwa
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ohun tí mo mú nínú rẹ̀: a ó kọ́kọ́ wá àbá sáà kẹsàn-án, ká fi tiwa kún un, pàápàá "béèrè tàbí gbà" àti owó éjẹ́ǹtì. Lẹ́yìn náà orúkọ 300 pẹ̀lú nọ́ńbà ibùdó ìdìbò, ká tó lọ sọ́dọ̀ aṣojú ní Ọjọ́ Ajé. Ìwọ́de ti kúrò nílẹ̀ fún ìsinsìnyí. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé a lè kọ lẹ́tà náà ní èdè Yorùbá?

Akọ̀wé_Kọmítì
Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ kọ ọ́, òun ni wọ́n ń lò nínú ilé. Ẹ sì má lọ ní Ọjọ́ Ajé láìpe ọ́fíìsì rẹ̀ ṣáájú, ọ̀pọ̀ wọn kì í tíì dé láti ẹkùn wọn. Ẹ mú ẹ̀dà méjì dání, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí ọ̀kan.